Dojú Ife Náà Délẹ̀ Kí O Tó Sanwó

Ẹni tó bá mọ ife tíkì, ife olójú tí àwọn ilé ọtí kan ń bu ọtí rọ́ọ̀mù sí, kì í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń mú oníbàárà: eyín gbàgà, imú pẹ̀rẹ̀sẹ̀, ojú rogodo bí ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á gbé e, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi àtàǹpàkò nu eruku ìdí rẹ̀, á sì dákẹ́ díẹ̀. Ìdí ife ló máa ń sọ ibi tó ti wá.

Mo rí ọ̀kan rà ní ọjà òkìrìkà kan nílùú tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, láàárín àtùpà tí kò ní ìdérí àti àwo ọbẹ̀ mẹ́ta tí ìkẹrin wọn ti fọ́. Ìyá àgbà tó ń tajà pè é ní ìkòkò òdòdó. Dọ́là 4 ló ní kí n san, n kò sì ná an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí nìyẹn, nítorí Yorùbá wo ló ń ra ọjà láìná an? Àmọ́ mo ti rí ìdí ife náà. Kò sí òǹtẹ̀ níbẹ̀, kò sí orúkọ. Òrùka amọ̀ funfun kan ló wà níbẹ̀ tí ọ̀dà kò kàn, àti àmì onígun mẹ́rin kékeré tó mọ́ ju ìyókù lọ, bí ojú ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fọ́tò kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bébà ti wà níbẹ̀ rí. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ Otagiri Mercantile Company, tí àwọn olùkójọ ife ń pè ní OMC, kó ọ̀pọ̀ irú ife yìí wọ Amẹ́ríkà láti Jàpáànù, bébà pélébé ni wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Omi ọṣẹ tètè ń gbé bébà lọ. Nítorí náà, ife tí kò ní orúkọ kì í ṣe ife tí kò ní bàbá.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ tíkì ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó ti de ọtí mọ́lẹ̀ láti 1920. Àsìkò yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Raymond Beaumont Gantt ṣí ilé ọtí kékeré kan ní Hollywood, tó kó àwọ̀n apẹja, ọparun àti igi tí òkun gbé jù sí etíkun kún inú rẹ̀. Don the Beachcomber ni ibẹ̀ ń jẹ́ nígbà tó yá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ó yí tirẹ̀ padà sí Donn Beach. Ní 1934, Victor Bergeron, ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kan rẹ̀ láti kékeré nítorí àìsàn, ṣí tirẹ̀ ní Oakland; ibẹ̀ ló padà di Trader Vic's. Àwọn méjèèjì yìí ló fi ìpìlẹ̀ ọtí tíkì lélẹ̀.

Ojú ife jẹ́ ti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ kì í ṣe ti ibẹ̀. Rọ́ọ̀mù Jàmáíkà, rọ́ọ̀mù Guyana, rọ́ọ̀mù Púẹ́tò Ríkò àti ti Kúbà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà: ọ̀nà Karibíà ni gbogbo rẹ̀ gbà wá, oko ìrèké ló sì bí rọ́ọ̀mù. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, wà lára àwọn tó gé ìrèké náà tó sì rù ú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ọtí àwọn òyìnbó onísòkòtò òdòdó, èyí ni mo fi dá a lóhùn.

Kí ife tó lójú, gíláàsì ló kọ́kọ́ wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ olùkójọ ti ń ṣìnà, nítorí àwòrán ara gíláàsì ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo bó ṣe rí. Gíláàsì ọtí Zombie ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá. Kò ní ìbàdí, kò ní ọrùn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Àmọ́ oríṣi rọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú Zombie tí Donn Beach pò ní 1934, ọ̀kan nínú wọn sì le débi pé ó lè gbiná. Ẹyọ méjì péré ni wọ́n ń tà fún ẹnì kan. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ yìnyín wẹ́wẹ́ púpọ̀ tí yóò máa yọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ń mú kí yìnyín gun ara wọn lórí, kí afẹ́fẹ́ má ráyè fẹ́ sí i púpọ̀, kí ẹni tó ń mu ún sì máa fi ọ̀pá ìfàmu fà á láti ìsàlẹ̀. Da Zombie kan náà sínú abọ́ ẹlẹ́nu gbòòrò, kí o wo bí omi ṣe máa borí rẹ̀ kí orin kan tó parí.

Mai Tai kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1944 ni Bergeron pò ó, ó fi rọ́ọ̀mù Wray & Nephew láti Jàmáíkà tó ti lo ọdún 17 ṣe é, ó sì gbé e fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wá láti Tahiti. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yìn ín ní èdè Tahiti, pé ó dára, ló di orúkọ rẹ̀. Gíláàsì kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wúwo, ni ilé rẹ̀. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fún ni wọ́n ń gbé sórí yìnyín rẹ̀, wọ́n á wá ki ewé míǹtì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó dà bí erékùṣù kékeré tó ní igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé e sẹ́nu, òórùn míǹtì ni yóò kọ́kọ́ pàdé kí ahọ́n rẹ̀ tó kan ọtí. Gíláàsì ẹlẹ́nu híhá kò lè ṣe èyí. Ti ọtí Navy Grog tún yàtọ̀: wọ́n ń fi yìnyín mọ òkòtó, wọ́n á lu ihò sáàárín rẹ̀, ọ̀pá ìfàmu á gba inú òkòtó yẹn lọ bá ọtí nísàlẹ̀. Gíláàsì tí òkòtó náà kò bá lè wọ̀, ì báà lẹ́wà bí egbin, mi ò rà á.

Àwòrán ara gíláàsì àtijọ́ náà ní iṣẹ́ nínú. Kì í ṣe ọ̀dà lásán. Wọ́n ń lọ gíláàsì kúnná mọ́ àwọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gba inú aṣọ tó ní ihò tíntìntín bí asẹ́ sára ife, wọ́n á sì dá ife padà sínú iná kí méjèèjì lè yọ́ mọ́ra. Fi èékánná rà á: èyí tó jẹ́ ojúlówó máa ń ga díẹ̀ lábẹ́ èékánná, kò sì ní ṣí. Lẹ́yìn náà, wo ìdí rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ gíláàsì Amẹ́ríkà, wàá rí lẹ́tà L kan tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìfọwọ́sí olówó. Àmì Libbey nìyẹn, ilé iṣẹ́ gíláàsì tó kó lọ sí Toledo ní Ohio ní 1888. Kì í ṣe gbogbo ife olókìkí ló ń wá láti ibi olókìkí: ọ̀pọ̀ gíláàsì tí àwọn èèyàn ń wá kiri lónìí, ife ilé oúnjẹ lásán ni láti ilé iṣẹ́ irú èyí, tí wọ́n kàn tẹ orúkọ ilé ọtí sí lára.

Ṣùgbọ́n ife amọ̀ ni ọkàn mi wà lára rẹ̀ jù.

Ìyá amọ̀kòkò ní Dáda ní Ìlọrin, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára amọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ife tíkì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òfìfo ni wọ́n ti ń bí i. Ẹnì kan á kọ́kọ́ gbẹ́ ère kan ṣoṣo, orí ẹni yìí sì ni iṣẹ́ wúwo sí jù. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ máa ronú nípa mọ́ọ̀dù tí wọ́n máa fi ère náà ṣe. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wọnú jù, tàbí tí ihò imú bá tẹ̀ sókè, ife kò ní lè jáde láìfi àgbọ̀n tàbí imú sílẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù. Ibí ni a ti ń mọ ọ̀gá. Ère tí ọ̀gá gbẹ́ á dà bí ẹni pé ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀ jìn gan-an, òjìji á kún abẹ́ ojú rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ìlà rẹ̀ ló da gẹ̀rẹ́ sí ìta kí ó lè yọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú lásán kò lè rí gẹ̀rẹ́ yẹn. Ìka ló ń rí i.

Wọ́n á wá po POP, irú èyí tí à ń fi ṣe àjà ilé, wọ́n á dà á bo ère náà ní abala méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á yọ ère kúrò. Amọ̀ tí wọ́n ti pò kí ó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu ni wọ́n á dà kún àyè tó ṣẹ́kù. Òùngbẹ a máa gbẹ POP. Bó ṣe ń fa omi inú amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ń dì mọ́ ọn lára, tí awọ ife ń nípọn láti ìta bọ̀ wá sínú. Ìgbà wo ló tó? Aago lè sọ díẹ̀ níbẹ̀, kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ òjò yàtọ̀ sí ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, mọ́ọ̀dù tó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ti mu omi yó, kò ní fà á kíákíá mọ́. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ń wo etí ihò tí wọ́n gbà da amọ̀ wọlé, ó ń wo bí awọ náà ṣe nípọn tó. Bó bá yá jù, ife á fúyẹ́, á ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá pẹ́ jù, ife á wúwo bí ọmọ odó, ọtí tó yẹ kó gbà kò sì ní wọnú rẹ̀ tán. Nígbà tó bá tó, á dojú mọ́ọ̀dù délẹ̀, amọ̀ tí kò dì á ṣàn padà sínú korobá.

Tí wọ́n bá ṣí mọ́ọ̀dù, ìlà kan á wà níbi tí abala méjì ti pàdé, á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ sí ìdí, á gba ẹ̀gbẹ́ òsì padà sókè. Ọmọ iṣẹ́ á fi ọ̀bẹ há a, á fi kànrìnkàn tútù nu ún. Gbogbo ife tí mo bá gbé ni mo ti ń wá ìlà yìí. Lára ife pọ́ọ́kú, wàá rí i bó ṣe la etí ère kọjá bí àpá iṣẹ́ abẹ. Lára ife tó dára, ẹni tó gbẹ́ ère ti fi ìlà náà pamọ́ sínú irun tàbí sí oríkèé ọparun, kànrìnkàn sì ti parí ìyókù. Ife mi tí mo rà ní dọ́là 4, mo gbé e sábẹ́ iná kí n tó rí ìlà rẹ̀, lẹ́yìn etí òsì, ó gùn tó èékánná kan. Ẹni tó nu ún gbàgbé ibẹ̀, tàbí kí wọ́n ti pè é lọ jẹun.

Ọ̀dà ló kù. Wọ́n á kọ́kọ́ sun ife nínú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 1,000 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí amọ̀ lè le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kùn ún, wọ́n á nu ìdí rẹ̀ kí ó má baà lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ìléru, wọ́n á sì tún un sun. Ibẹ̀ ni òrùka funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá. Ohun tó wù mí jù nínú kíkùn ni nínù. Òṣìṣẹ́ á fi ọ̀dà dúdú pa gbogbo ojú ère, á sì tún nu ún kúrò lórí ibi tó yọ, tí yóò fi ku kìkì èyí tó sá pamọ́ sábẹ́ ìpéǹpéjú àti sáàárín eyín. Nígbà tí ọ̀dà dídán bá yọ́ lé e lórí nínú iná, ó máa ń fẹ́lẹ́ lórí imú, ó máa ń ki nínú kòtò ojú. Báyìí ni àwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ń di mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí pé ẹnikẹ́ni fi búrọ́ọ̀ṣì ya á.

Amọ̀ tó ń gbẹ ń sún kì, èyí tó ń jóná tún ń sún kì sí i. Bí irú amọ̀ náà bá ṣe rí, ó lè dín ní nǹkan bí 5 sí 12 nínú 100. Òun ló ń tú àṣírí ayédèrú. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò ní ère àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ife tó ti jiná ló ń da POP bò. Ọmọ tí irú mọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ bá bí kò lè ga tó ìyá rẹ̀ láé. Ife tó bá ga sẹ̀ǹtímítà 16, ayédèrú rẹ̀ lè má ju 15 lọ, ojú rẹ̀ á sì ti kú, bíi ti ẹ̀dà tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀dà. Nítorí náà rúlà ni mo ń mú lọ sí ọjà. Wọ́n ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí rẹ̀. Àmọ́ ojú tó kú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí: mọ́ọ̀dù gidi náà ń darúgbó, amọ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ife tó kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ sì máa ń mú ju èyí tó jáde kẹ́yìn lọ. Gíga rẹ̀ ni kí o gbà gbọ́.

Ó máa ń dùn mí pé a kì í sábà mọ orúkọ àwọn tó gbẹ́ ère wọ̀nyí. Tiki Bob yàtọ̀. Bob Bryant, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Trader Vic's, ló ṣí ilé ọtí Tiki Bob's ní San Francisco ní 1955, ife rẹ̀ sì wà lára àwọn ife olójú tó kọ́kọ́ jáde. A mọ̀ pé Alec Yuill-Thornton ló ya ère rẹ̀. Nídìí àwọn tó pọ̀ jù, orúkọ ilé ọtí tàbí ti ẹni tó kó ọjà wọlé ló wà. Àwọn míì tiẹ̀ ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R, èyí tó ń fi hàn pé ọjà Orchids of Hawaii ni wọ́n. Orúkọ Hàwáì ni ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́ o, New York ló fìdí kalẹ̀ sí.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ọparun ti ń sú àwọn èèyàn. Wọ́n wó ilé ọtí Luau ní Beverly Hills ní 1979, ife àwọn ilé ọtí tó kú sì di ẹrù ọjà òkìrìkà. Ohun tó jí tíkì dìde ni àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n ń ṣà á jọ, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Sven Kirsten gbé The Book of Tiki jáde ní 2000, ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Tiki Farm bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ife tuntun. Jeff Berry ní tirẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọtí Donn Beach, ẹni tó ti fi nọ́ńbà bo orúkọ ohun èlò rẹ̀ kí àwọn agbọ́tí rẹ̀ má baà kó o lọ fún ilé ọtí míì. Berry tú àṣírí Zombie 1934, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀, Sippin' Safari, ní 2007. Lẹ́yìn ọtí, ó dorí kọ gíláàsì: òun àti ilé iṣẹ́ Cocktail Kingdom ṣe ti Zombie, ti Mai Tai, àti ti Navy Grog tí òkòtó yìnyín lè wọ̀. Mi ò ka irú ìwọ̀nyí sí ayédèrú. Ẹni tó ṣe wọ́n fi orúkọ sí i, kò sì purọ́ ọjọ́ orí. Fún ẹni tó fẹ́ máa mu ọtí nílé, ìwọ̀nyí ni mo máa sọ pé kó kọ́kọ́ rà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Kí Hollywood tó gbọ́ orúkọ tíkì, ère baba ńlá ni láàárín àwọn Máórì àti àwọn ará Marquesas. Bí mo bá rí ère ìbejì tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n fi agboòrùn bébà dé e lórí, mi ò ní rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, mi ò kì í ra ife tó da ère ibi mímọ́ kan pàtó kọ. Àwọn ojú tí àwọn ilé ọtí fúnra wọn ronú gbé jáde, agbárí, ẹja, àgbá, àgbọn, ni mo ń kó. Àwọn olùkójọ kan ní mo le jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti lílò nínú ilé, ṣọ́ra fún àwọn àgbà. Ife àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, wíwò ni mo fi ń ṣe. Òjé lè wà nínú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, omi ọsàn kíkan sì máa ń fà á jáde. Èyí kan gíláàsì tí àwòrán rẹ̀ gòkè dé ibi tí ètè ń kàn. Kí o tó ra ife amọ̀, fi èékánná ta etí rẹ̀: èyí tó pé á dún gooro, èyí tó ti sán nínú á dún pọ̀kọ̀, bí ojú rẹ̀ bá tiẹ̀ ń dán. Má kó gíláàsì aláwòrán sínú ẹ̀rọ ìfọbọ́. Ọṣẹ rẹ̀ á jẹ àwọ̀ náà di funfun kí ọdún tó yípo. Ọwọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn rírọ̀ ti tó. Bí o bá sì rí ife OMC tí bébà ìdí rẹ̀ ṣì wà, jọ̀wọ́, má fọ ìdí rẹ̀.